Iná tí mítà kà kọ́ ni bátìrì gbà: bí mo ṣe wọ̀n ọ́n nílé wa ní Àjàṣẹ́

Ìfẹ́ àrà tuntun kọ́ ló gbé mi dé ìdí ọkọ̀ oníbátìrì. Láti ìgbà tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023 ni kpayo, epo fàyàwọ́ inú ìgò tí à ń rà létí títì, ti gbówó lórí, Kútọnu sì ni ibi iṣẹ́ mi wà, nǹkan bí 30 kìlómítà láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní àlọ, bẹ́ẹ̀ náà ní àbọ̀. Mo ra Nissan Leaf àlòkù kan, èyí tí bátìrì rẹ̀ ń gba 24 kWh (ìyẹn únítì iná 24) nígbà tó wà ní tuntun. Ohun tí mo wá fẹ́ mọ̀ ni pé, nínú iná tí mo ń fowó rà, èló ló ń dé inú bátìrì?

Dáṣíbọ́ọ̀dù kò lè sọ ìyẹn. Ohun tó ń jáde nínú bátìrì ló ń kà. Èyí tó ti ṣòfò kí iná tó débẹ̀ kò kàn án. Ibi méjì ni mo ti wọ̀n ọ́n nítorí náà. Mo pa gbogbo nǹkan inú ilé, títí kan fíríìjì (ìyàwó mi ṣì ń kùn nípa ẹja rẹ̀), mo kọ nọ́ńbà mítà sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbaná, mo sì tún kọ ọ́ nígbà tó parí. Nínú ọkọ̀, mo ki ẹ̀rọ kékeré kan bọ ojú OBD (ihò tí mẹkáníìkì fi ń yẹ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ wò), áàpù Leaf Spy orí fóònù mi sì ń sọ ohun tó wọ bátìrì.

Mítà ka únítì 11.8, bátìrì gba 9.9. Bíi 16 nínú 100 ti lọ. Kì í ṣe nǹkan àjèjì: ọkọ̀ tó ń gbaná ní sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé sábà máa ń pàdánù láti 10 dé 20 nínú 100. Àmọ́ mo fẹ́ mọ ibi tó ń gbà lọ.

Ọmọkùnrin oníṣẹ́ iná tó ń ṣiṣẹ́ fún wa bá mi wò ó. Ó gbé mítà volt rẹ̀ lé ìdí mítà ilé: 221. Ó gbé e lé ẹnu wáyà níbi tí ọkọ̀ wà: 213. Róòlù wáyà 30 mítà ló wà láàárín méjèèjì, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ 1.5 (mm², bí bàbà inú rẹ̀ ṣe nípọn tó), ìdajì rẹ̀ ṣì wà ní kíká.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọwọ́ kan ibí yìí.”

Mi ò lè fi àtẹ́lẹwọ́ mi sílẹ̀ lórí ẹ̀. Volt mẹ́jọ tó sọnù, lọ́nà 10 ampere tí ọkọ̀ ń fà, 80 watt nìyẹn, tó ń di ooru lásán. Wáyà tí wọ́n ká jọ dà bí èèyàn mẹ́wàá tó sùn sórí ẹní kan: ooru ẹnì kankan kò ráyè jáde. Lára róòlù náà gan-an ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí: 1000 W tó bá wà ní kíká, 3000 W tí wọ́n bá tú u tán. Ọkọ̀ ń fà ju 2000 lọ. Ká gbàgbé ọ̀rọ̀ owó níbẹ̀ o, ilé ni kò gbọdọ̀ jó.

Ó fa wáyà 4 tààrà láti ìdí mítà, ó fún un ní fíúùsì àti sọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, ó sì gbá ọ̀pá bàbà wọ ilẹ̀. Tí kò bá sí wáyà tó wọlẹ̀, ọ̀pọ̀ àpótí ara wáyà ọkọ̀ (èyí tó ń darí iná tó ń wọ ọkọ̀) kàn máa tan iná pupa ni, wọn ò ní gbé iná kọjá. Volt tó ń sọnù di méjì àti díẹ̀.

Ti àkókò ló kàn. Láàárín aago méje sí mẹ́wàá alẹ́, tí gbogbo àdúgbò ń lo iná, volt máa ń bọ́ sí 198 lọ́dọ̀ wa. Ampere 10 náà ni ọkọ̀ ṣì ń fà, ṣùgbọ́n ohun tó ń wọlé ti kéré, wákàtí á sì gùn. Ọkọ̀ kì í sì í sùn tó bá ń gbaná: kọ̀ǹpútà rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń fa omi tó ń tu ṣájà lára, bátìrì kékeré 12 volt, gbogbo wọn ń jẹ tiwọn ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Bó bá ṣe pẹ́ tó ni wọ́n ṣe máa jẹ tó. Mo wá sẹ́ẹ̀tì táímà ọkọ̀ sí aago méjìlá òru, nígbà tí volt ti gòkè sí 224. Bátìrì Leaf kò ní ohun tó ń tù ú lára, nítorí náà ó tún ti rí àyè sinmi kúrò nínú ooru títì. Ìpàdánù bọ́ sí bíi 13.

Lẹ́yìn ìyẹn la gbé àpótí wáyà ọkọ̀ láti 10 ampere sí 16. Èyí gba ìrònú, torí ooru wáyà kò ní fi díẹ̀ pọ̀ sí i, ìlọ́po méjì àbọ̀ ló ń dà. Lórí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ àná, mi ò jẹ́ dán an wò. Lórí wáyà 4, ohun tó fi kún un kò tó nǹkan, àkókò sì kúrú gan-an, ìjẹkújẹ ọkọ̀ fúnra rẹ̀ sì dín kù. Ó di bíi 11.

Èyí tó kù kò sí níkàáwọ́ mi: ṣájà inú ọkọ̀ tó ń yí iná AC ti ilé padà sí DC tí bátìrì ń gbà ló ń jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀, díẹ̀ sì ń di ooru nínú bátìrì. Tí wọ́n bá bi mí níbi iṣẹ́ pé èló ni Kútọnu ń ná mi, iye únítì tí mítà kà ni mo ń sọ di púpọ̀ pẹ̀lú owó únítì kan tó wà lórí rìsíìtì, mi ò ka ti dáṣíbọ́ọ̀dù sí.