Bí a ṣe ń mọ ibi tí a máa dúró sí nínú kíríkẹ́ẹ̀tì

Ní pápá ilé ìwé kan l'Ókè-Fìà, níbí l'Óṣogbo, wọ́n pariwo "silly point!", ìyẹn orúkọ ibi kan tí a máa ń dúró sí, sí ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kíríkẹ́ẹ̀tì. Ọmọ náà kàn ń wò sùn-ùn. Ó dùn mí, torí kò sẹ́ni tó sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún un rí.

Ẹ má há orúkọ àwọn ibi ìdúró sórí. Ẹ mú igi, kí ẹ ya pápá náà sórí iyẹ̀pẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo àyà ẹni tó di báàtì, igi tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù, mú. Ẹ̀gbẹ́ ló máa ń kọ sí ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù. Ọwọ́ ibi tí àyà rẹ̀ kọjú sí ni "off". Ọwọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ni "leg". Bí ọlọ́wọ́ òsì bá wọlé, gbogbo rẹ̀ yí padà, kí gbogbo yín náà sì yí.

Ọwọ́ off la ti máa bẹ̀rẹ̀, láti ọ̀dọ̀ kípà, ẹni tó ń dúró lẹ́yìn ẹni tó di báàtì mú láti mú bọ́ọ̀lù. Slip ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gully tẹ̀ lé e. Point wà ní ọ̀kánkán àyà ẹni tó di báàtì mú, lẹ́yìn náà cover, lẹ́yìn náà mid-off nítòsí ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù. Ní ọwọ́ kejì: mid-on, midwicket, square leg ní ọ̀kánkán ẹ̀yìn rẹ̀, àti fine leg lọ́hùn-ún lẹ́yìn.

Slip ni mo fẹ́ràn jù. Bọ́ọ̀lù tó ha etí báàtì ló ń dúró dè, ìṣẹ́jú àáyá kan kì í pé tó fi dé. Ẹ tẹ orúnkún, ẹ so ọwọ́ méjèèjì pọ̀ bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ bu omi mu, kí ìka kọjú sílẹ̀. Kípà nìkan ló lè wọ ìbọ̀wọ́.

Ọ̀rọ̀ tó ṣáájú orúkọ ló ń sọ bó ṣe jìnnà tó. "Deep" àti "long" ni ìtòsí ààlà pápá. "Short" ni ìtòsí ẹni tó di báàtì mú. "Silly" ń tọ́ka sí ìwà òmùgọ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, torí ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan báàtì. Bọ́ọ̀lù náà tó nǹkan bíi 160 giramu, ó sì le bí òkúta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọmọ síbẹ̀ láìsí akoto.

Èèyàn 11 ni ikọ̀ kan. Ẹ yọ kípà àti ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, ó ku 9, orúkọ sì ju 9 lọ fíìfíì. Ẹ ní láti yàn. Ṣùgbọ́n ní ọwọ́ leg, láti square leg lọ sẹ́yìn, ẹni tó ju méjì lọ kò gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí kípà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ̀ǹpáyà, adájọ́ eré náà, á pe no-ball, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí kò bófin mu.

Tí ẹ bá yà á tán, ẹ máa pe orúkọ, kí àwọn ọmọ máa sáré débẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé báàtì fún ọlọ́wọ́ òsì, kí ẹ tún un pè.