Bí A Ṣe Ń Tún Ẹ̀rọ Ìfínfóòmù Ṣe Lẹ́yìn Tó Ti Pẹ́ Nílẹ̀

Ẹni tó ra ẹ̀rọ ìfínfóòmù tòkúnbọ̀, tàbí tó gbé tirẹ̀ jáde láti inú ṣọ́ọ̀bù tó ti wà ní títì pa fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọwọ́ rẹ̀ máa ń yá láti so ó mọ́ iná kó lè gbọ́ bóyá ó ṣì ń dún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, níbi tí òjò ti ń rọ̀ láti nǹkan bí oṣù kẹta títí wọ oṣù kẹwàá, tí ọ̀rinrin kì í sì í fẹ́ kúrò nínú afẹ́fẹ́ àfi tí ọyẹ́ bá dé, omi inú afẹ́fẹ́ gan-an ni ọ̀tá ẹ̀rọ yìí, iṣẹ́ ibi tó sì ti ṣe nínú rẹ̀ kì í hàn síta. Ohun tí a kọ́kọ́ ń wádìí ni bóyá ọ̀nà kẹ́míkà ṣì là. Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ló ń kẹ́yìn.

Kẹ́míkà méjì ló ń para pọ̀ di fóòmù tí a ń fín sábẹ́ páànù àti sára ògiri yàrá tútù kí ooru má baà wọlé. Apá A ni isocyanate, apá B sì ni polyol tí wọ́n ti po àwọn èròjà mìíràn mọ́. Pọ́ǹpù méjì ló ń tì wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ní ìwọ̀n kan náà, gba inú ohun ìmúgbóná àti họ́ọ̀sì gígùn, wọn kì í sì í pàdé àfi lẹ́nu ìbọn tí a fi ń fín in. Bí omi bá kan isocyanate, á gan, á sì tú gáàsì carbon dioxide sílẹ̀. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé apá A ló máa ń dí nígbà tí ẹ̀rọ bá pẹ́ nílẹ̀.

Kí ẹ tó mú sípánà, ẹ wọ ibọ̀wọ́ nitrile, aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn, awò tó bo ojú yípo, àti ìbomú tó ní fíltà èéfín kẹ́míkà, nítorí ìbomú aláṣọ kò lè dá a dúró. Isocyanate lè sọ ẹ̀dọ̀fóró di èyí tí kò gbà á mọ́, débi pé ìwọ̀nba èéfín díẹ̀ á máa fa ikọ́ fée (asthma) fún onítọ̀hún, á sì di dandan kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ọ̀gá tó bá wọ ibọ̀wọ́ tirẹ̀, tó wá jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ fi ọwọ́ lásán tú fíltà, ń ba ọjọ́ iwájú ọmọ ọlọ́mọ jẹ́.

Ẹ wo géèjì méjèèjì bóyá wọ́n wà ní òdo. Bí wọ́n tilẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ má fọkàn tán wọn, nítorí géèjì tó ti bàjẹ́ lè sọ pé òdo ni nígbà tí agbára ṣì wà nínú họ́ọ̀sì. Ẹ kọ́kọ́ ṣí fáálù tí ń tú agbára sílẹ̀ sínú ike, kí ẹ tó rọra tú nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan. Ẹ yẹ wáyà wò bóyá eku ti jẹ ẹ́, kí ẹ sì wo gbogbo ihò tí atẹ́gùn ń gbà, torí pé agbọ́n tí ń fi amọ̀ kọ́lé fẹ́ràn irú ibẹ̀.

Ó wá kan fíltà ẹnu ọ̀nà apá A, níbi tí gbogbo ọ̀rọ̀ ti máa ń hàn. Ẹ tú ìdérí rẹ̀, kí ẹ yọ àwọ̀n inú rẹ̀ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Bí ohun tó wà lára rẹ̀ bá jẹ́ kìkì kẹ́míkà búráùn tó ń ṣàn, ìrètí wà. Bí ẹ bá rí wóro funfun bíi gààrí Ìjẹ̀bú nínú ojú àwọ̀n, tàbí awọ kan tó bo ojú kẹ́míkà, omi ti wọlé, ó sì yẹ kí ẹ tú pọ́ǹpù, fáálù ìsàlẹ̀ rẹ̀ àti ọ̀nà inú ohun ìmúgbóná láti wo ibi tó dé. Ẹni tó ń ra tòkúnbọ̀, kó ní kí wọ́n ṣí fíltà yìí lójú òun kó tó sanwó. Ẹ tún wo epo tí ń bo ọrùn pọ́ǹpù apá A: tó bá ti dàrú tàbí tó ki, ẹ dà á nù, kí ẹ rọ tuntun sí i.

Epo tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà bá yàn ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Epo kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní DOP (dioctyl phthalate) ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ń lò. Ẹ má lo omi, ẹ má sì lo bẹntiróòlù. Ẹ má ṣe fi methylene chloride fọ ohun tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe tí agbára wà nínú rẹ̀, nítorí ó lè bú gbàmù. Àkísà, ike àti búrọ́ọ̀ṣì apá A kò gbọdọ̀ kan apá B rárá: pupa ni àmì A, búlúù ni àmì B.

Ní ti họ́ọ̀sì, ẹ fi agbára díẹ̀ ti epo náà wọlé láti ìdí, kí ẹ sì wo ẹnu kejì. Bó bá jáde, ẹ jẹ́ kó ṣàn títí tí yóò fi mọ́. Bí kò bá jáde, ẹ má fi kún agbára, ẹ má sì fi iná tàbí irin gbígbóná lé ohun tó dí i jáde, nítorí fóòmù tó bá ń jó máa ń tú èéfín olóró tí cyanide wà nínú rẹ̀ sílẹ̀. Họ́ọ̀sì apá A tó ti gan látòkè délẹ̀ kò ṣeé tún ṣe. Mo gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ ra òmíràn dípò kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan jà pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ tú ìbọn palẹ̀ pátápátá, ẹ pààrọ̀ gbogbo rọ́bà àti síìlì rẹ̀, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ tó bá ihò rẹ̀ mu la ojú ọ̀nà pẹ̀lú ọwọ́, torí pé ẹ̀rọ ìlùhò á ha á. Ẹ fi gíríìsì pa á kí ẹ tó tò ó padà.

Ẹ wá pe rẹwáyà. Kó ka ohun tó wà lára páálí irin ẹ̀rọ náà, nítorí 230 volts àti 50 Hz ni iná wa, 60 Hz sì ni ti Amẹ́ríkà. Kó yẹ mọ́tò wò bóyá ọ̀rinrin ti ba ìdì wáyà rẹ̀ jẹ́. Ẹ da omi inú táǹkì kọ̀mpúrẹ́sọ̀ nù, kí ẹ pààrọ̀ ohun tí ń fa ọ̀rinrin mu lórí àgbá apá A. Ẹ má tan ohun ìmúgbóná nígbà tí kò sí kẹ́míkà nínú rẹ̀.

Kẹ́míkà tuntun tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá ni kí ẹ lò, kí ẹ sì ti epo ìfọ̀ jáde tán kí ẹ tó so ìbọn mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí A àti B jáde lẹ́ẹ̀kan náà sínú ife méjì tó dọ́gba. Bí ọ̀kan bá ga ju èkejì lọ, fíltà tàbí fáálù kan ṣì dí. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ooru dé ibi tí àkọlé àgbá sọ, tó sábà máa ń wà láàárín 45°C sí 60°C, kí ẹ sì fín díẹ̀ sára páálí. Ìbomú tí ń gba afẹ́fẹ́ tútù láti ìta ni ẹ ó lò níbí. Fóòmù tó dúdú tó sì ń rún, A ló pọ̀ jù. Èyí tó rọ̀ tó sì ń rùn, B ló pọ̀ jù. Ti fóòmù tó le, ẹ má fín ju bíi 5 cm lọ lẹ́ẹ̀kan, nítorí ooru inú rẹ̀ lè jó o.

Àkísà àti ìdọ̀tí isocyanate, ẹ rì wọ́n sínú omi tí ẹ po sodium carbonate àti ọṣẹ díẹ̀ mọ́, kí ẹ fi wọ́n síta láìdé ẹnu ike náà fún ọjọ́ méjì ó kéré tán, torí gáàsì tó ń jáde lè fọ́ ike tí a bá dé pa.

Bí iṣẹ́ kò bá sí mọ́ fún ìgbà pípẹ́, ẹ fi epo kún pọ́ǹpù àti họ́ọ̀sì méjèèjì, ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ ní òfìfo. Ẹ dé gbogbo ẹnu wọn pa, ẹ gbé ẹ̀rọ náà sórí pákó kúrò nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ẹ sì kọ ọjọ́ náà sí ara rẹ̀.