Àkọ́díọ́nù ló gba owó mi: bí mo ṣe dá nìkan fi orin yẹ́ I.K. Dairo sí

Owó gbọ̀ngàn kò dùn mí, ti jẹnẹrétọ̀ náà kò dùn mí. Èyí tí mo ná sórí àkọ́díọ́nù, dùùrù àgbékọ́rùn tí à ń fà tí a sì ń tẹ̀, ló ṣì ń bí mi nínú. Àwọn èèyàn ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ èmi nìkan ni mo fẹ́ kọrin, tí n kò kó onílù kankan dání, kí ló fẹ́ náni lówó? Wọn ò mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ yẹ́ I.K. Dairo, àgbà olórin jùjú, sí láìfa àkọ́díọ́nù kò tíì bẹ̀rẹ̀. Gìtá àti gángan ti wà nínú jùjú kó tó gbé ẹgbẹ́ rẹ̀, Morning Star Orchestra, kalẹ̀ ní 1957, èyí tó wá di Blue Spots. Àkọ́díọ́nù ni gbogbo ilé fi dá ohùn tirẹ̀ mọ̀.

Oní-bọ́tìnì mẹ́wàá bíi tirẹ̀ ni mo fẹ́. Àlòkù ni mo rí rà n'Íbàdàn. Kò pẹ́ tí mo gbé e délé tí ẹwìrì rẹ̀, ìyẹn àpò àárín tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, bẹ̀rẹ̀ sí í jò, tí afẹ́fẹ́ ń tán kí n tó parí ìlà orin kan.

Mo gbé e fún ẹnì kan tó ní òun mọ̀ ọ́n tún ṣe. Ó gbowó, ó wá ń dá mi lọ́la dọ́tunla. Nígbà tó dá a padà fún mi, ó ti fi gọ́ọ̀mù lẹ ibi tó ń jò lóòótọ́, ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù yẹn ti ṣàn wọ inú, ó ti mú ọ̀kan nínú àwọn ahọ́n irin tó ń mú ohùn jáde. Bọ́tìnì kan náà lórí irú àkọ́díọ́nù yìí, ohùn ọ̀tọ̀ ni tí a bá tẹ ẹwìrì pọ̀, ọ̀tọ̀ ni tí a bá fà á. Dò, mí àti sò wà níbi títẹ̀. Rè, fà, là àti tì wà níbi fífà. Sò àárín ló yadi! Mélòó ni orin jùjú tí kì í gba ibẹ̀ kọjá? Mo bá a sọ ọ́, ó ní ọwọ́ mi ni kò tíì mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju owó lọ.

Bàbá àgbà kan tó ti fa àkọ́díọ́nù nínú ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà rí ló gbà mí. Ojú mi ló ṣe tú u, ó rọra ha gọ́ọ̀mù náà kúrò, ó sì fi awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tuntun sí i. Mo tún sanwó o, ṣùgbọ́n èyí kò dùn mí rárá.

Ìmúra yòókù kò le. Kíì (ìpele ohùn orin) kan ṣoṣo ni àkọ́díọ́nù náà ní, nítorí náà òun ni mo fi ohùn àti gìtá mi tẹ̀ lé.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo fi gìtá bẹ̀rẹ̀, mo sọ fún wọn pé Ọ̀ffà ni wọ́n bí i sí, pé ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni, pé ọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá... rárá, ọbabìnrin ni, ní 1963. Ìgbà tí mo gbé àkọ́díọ́nù kọ́rùn ni àwọn àgbà dìde. Ìyá kan ń bá mi gbe orin lédè Ìjẹ̀ṣà, kò ṣi ọ̀rọ̀ kan. Sò àárín dún ketekete, inú mi dùn dé góńgó.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀, kó tẹ gbogbo bọ́tìnì, kó fà wọ́n, kó tó san kọ́bọ̀. Kó sì má ṣe dá ọjọ́ fún ẹnikẹ́ni títí ẹwìrì á fi dákẹ́ jíjò. Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ló kàn mí báyìí, mo sì ti ra awọ pamọ́.