Kí Owó Má Ṣáájú Iṣẹ́: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Bí A Bá Ń Wá Ẹni Tí Yóò Tún Ilé Wa Ṣe ní Òṣogbo

Bíríkìlà ò wọ́n ní Òṣogbo. Láti Òkè-Fìà dé Òkè-Baálẹ̀, bí ẹ bá bi ẹni méjì léèrè, nọ́ńbà ẹni mẹ́ta lẹ óò gbà. Ẹni tí a lè kó owó fún kí a sì sùn ló wọ́n, àwa onílé náà sì wà lára ohun tó sọ ọ́ di ọ̀wọ́n.

Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti kọ́kọ́ ń ṣìnà ni ọ̀rọ̀ "ará wa ni." A jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí kan náà, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa ni, àbúrò ọkọ mi ló mú un wá. Kò burú, ṣùgbọ́n kò tíì sọ fún wa bóyá ó mọṣẹ́. Ẹ ní kó mú yín lọ sí ilé tó ti ṣe kọjá, èyí tí òjò ti rọ̀ sí láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá. Ẹ gbójú sókè wo àjà bóyá omi ti ya àwòrán sí i. Ẹ fi ìka lu táìlì ilẹ̀: èyí tó bá dún bí igbá òfìfo, sìmẹ́ńtì ò kún abẹ́ rẹ̀. Ẹ da omi sílẹ̀ nílé ìwẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá yóò wá ojú ihò lọ tàbí yóò dúró síbi tó wù ú. Lẹ́yìn náà, ẹ wá àyè bá onílé sọ̀rọ̀ nígbà tí oníṣẹ́ ò sí nítòsí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi: "Nígbà tí nǹkan yẹ̀, ṣé ó padà wá?" Kò sí iṣẹ́ ilé tí nǹkan kì í yẹ̀ lára rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má da ara yín láàmú, ohun tó bá wà lọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ mú wá." Bí ẹ bá gbọ́ èyí, ẹ dìde. Ẹ jẹ́ kó sọ iye, kó sì sọ ohun tí iye náà kó mọ́ra: ta ni yóò ra táìlì, ta ni yóò sanwó lébìrà, ta ni yóò kó pàǹtírí dànù. Páànù alumíníọ́mù oní 0.45 mìlímítà àti oní 0.55 jọra lójú ẹni tí kì í tà á. Bí ẹ ò bá kọ èyí tí ẹ fẹ́ sílẹ̀, èyí tó fẹ́lẹ́ ló máa gun òrùlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni wáyà, tí wọ́n ń fi mm² wọn bó ṣe nípọn tó: 1.5 wà fún gílóòbù, 2.5 ló yẹ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó fi 1.5 sí sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ẹ óò máa ki áyọ́ọ̀nù bọ̀ ti fi iná pamọ́ sínú ògiri yín. Àwọn kan á ní àwọn ò mọ̀wéé kọ. Ẹ kọ ọ́ sórí WhatsApp fún wọn, kí wọ́n fi ohùn dáhùn pé àwọn gbà.

Bí ẹni mẹ́ta bá sì dá iye lé iṣẹ́ kan náà, tí iye ẹnì kan já wálẹ̀ gidi, ẹ bi í ní ohun tó yọ kúrò. Ó ti yọ nǹkan kan.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ owó. Bó ṣe máa ń bàjẹ́ rèé: ẹ san gbogbo owó lọ́jọ́ Ajé, agbaṣẹ́ṣe yín fi parí ilé ẹlòmíì lójú ọ̀nà Ìkìrun, torí pé owó onítọ̀hún ti bá ilé ẹni tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Ó wá ń retí oníbàárà tuntun tí owó rẹ̀ yóò parí tiyín. Olè lè má sí lọ́kàn rẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí oníbàárà tuntun ò bá dé, orí ilé yín ni iṣẹ́ yóò dúró sí. Ẹ óò kọ́kọ́ gbọ́ pé sìmẹ́ńtì ti gbówó lórí, ẹ óò gbọ́ pé ìyá àgbà ṣaláìsí, lẹ́yìn náà fóònù ò ní lọ mọ́.

Nítorí náà, ẹ ya owó ohun èlò sọ́tọ̀ kúrò lára owó iṣẹ́. Ẹ ra ohun tí wọn yóò lò lọ́sẹ̀ yìí nìkan. Owó iṣẹ́, ẹ pín in sí ìpele tí ojú lè rí: tí páìpù bá wọlẹ̀ tí omi sì gba inú rẹ̀ kọjá láìjò, ẹ san, tí táìlì ògiri bá pé, ẹ san. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá sílẹ̀ títí òjò ńlá kan yóò fi rọ̀, kí ẹ sì ti sọ ọ́ fún un látìbẹ̀rẹ̀. Àmọ́ tí ìpele bá pé, ẹ sanwó lọ́jọ́ náà. Àwa onílé mọ bí a ṣe ń jẹ oníṣẹ́ lówó, tí a óò tún máa pè é ní aláìṣòótọ́ nígbà tó bá kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Tí ẹ bá ń lọ sọ́jà, ẹ jẹ́ kó bá yín lọ, torí ó mọ ojúlówó, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sanwó kí ẹ sì gba rìsíìtì. Ẹ ti bèèrè iye ní ṣọ́ọ̀bù méjì ṣáájú. Àwọn ọlọ́jà kan máa ń fún oníṣẹ́ tó mú oníbàárà wá ní nǹkan, orí ọjà yín ni wọ́n sì máa ń gbé e lé.

Ìkánjú náà wà níbẹ̀. Ọdún Ọ̀ṣun ń bọ̀ lóṣù kẹjọ, àlejò ń bọ̀, onílé á ní kí wọ́n kun ọ̀dà sógiri tí kò tíì gbẹ. Ọ̀dà náà á wú, á sì ṣí. Kọnkéré fẹ́ kí wọ́n máa bomi rin ín fún ó kéré tán ọjọ́ 7, ọjọ́ 28 ni wọ́n sì máa ń wọn agbára rẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe tó lè wò yín lójú pé "ẹ dúró" ló yẹ kí ọkàn yín fà mọ́ ju ẹni tó ń sọ pé "ó máa ṣe é ṣe" sí ohun gbogbo lọ.

Àwọn ilé àtijọ́ tó wà láàárín ìlú wa tún yàtọ̀. Amọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, sìmẹ́ńtì kàn bò ó lójú ni. Ẹni tí ilé búlọ́ọ̀kù nìkan mọ́ lọ́wọ́ lè fẹ́ fọ́ ògiri bẹ́ẹ̀ láti fi wíńdò ńlá sí i láìfi nǹkan gbé òkè dúró. Kí ẹ tó fọ́ ògiri tó gbé nǹkan rù, ẹ pe ẹnjiníà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ékòó tàbí Amẹ́ríkà, ẹ yé tìtorí fọ́tò sanwó. Fọ́tò ilé ẹlòmíì wà nínú fóònù oníṣẹ́. Ẹ ní kó pè yín lórí fídíò, kó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu géètì.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ bèèrè ẹgbẹ́ tí oníṣẹ́ yín wà àti ẹni tó jẹ́ alága wọn. Bíríkìlà, kápẹ́ńtà, púlọ́ńbà, kálukú ló ní ẹgbẹ́ àti ọjọ́ ìpàdé. Ẹni tó ń jókòó láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ojú tó máa ń tì í, bó bá sì sá fún yín, ẹ mọ ibi tí ẹ óò ti fẹjọ́ sùn. Èyí tó bá ń wò yányàn-yányàn nígbà tí ẹ bi í, ẹ fún un lómi mu, kí ẹ sì pe nọ́ńbà kejì.