Tí Àjàkálẹ̀ Àrùn Bá Tún Dé: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Láàrin Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Nọ́ọ̀sì Àtàwọn Tíṣà Wọn

Ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ mí lọ́kàn gan-an. Nígbà tí Kòrónà wọ Nàìjíríà ní oṣù kejì ọdún 2020, tí wọ́n ti ilé ìwé pa lóṣù tó tẹ̀ lé e, tí kónílé-ó-gbélé sì bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó àti Ògùn ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì wà lára àwọn tó fara gbá a, torí iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ kì í ṣe èyí téèyàn lè jókòó sílé kọ́ tán.

Àṣìṣe tó burú jù lójú tèmi ni ká rò pé kíláàsì orí Zoom tàbí WhatsApp lè dípò posting, ìyẹn lílọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ aláìsàn nílé ìwòsàn. Kò lè dípò ẹ̀. Ẹ lè fi Zoom kọ́ anatomy tó jẹ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara, ẹ lè fi kọ́ pharmacology tó jẹ́ ẹ̀kọ́ nípa oògùn, kò sí wàhálà tí dátà bá ti wà tí iná ò sì lọ, ṣùgbọ́n ta ló máa tinú fóònù mọ bí iṣan ẹ̀jẹ̀ bàbá arúgbó ṣe máa ń yẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ téèyàn bá fẹ́ fi kánúlà, rọ́bà tín-ín-rín tí wọ́n fi ń fa omi síni lára, sí i? Ní Brítéènì tí ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì wa wà báyìí, wákàtí 2,300 ni akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ṣe lẹ́nu iṣẹ́, nígbà Kòrónà wọ́n gbà kí 300 nínú ẹ̀ jẹ́ ìdánrawò pẹ̀lú ọmọlangidi àti irú ẹ̀, ọ̀dọ̀ aláìsàn náà ni wọ́n ti máa ṣe ìyókù.

Ibẹ̀ ni sísáìn logbook, ìwé tí wọ́n ń kọ iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ṣe sí, fún ohun tí ọmọ ò fọwọ́ kàn rí ti ń wá. Mo mọ̀ pé àánú ló ń ṣe tíṣà, ọmọ ti pẹ́ nílé, òbí ti náwó, ìdánwò Council, àjọ tó ń fún nọ́ọ̀sì níwèé àṣẹ, ti sún mọ́lé, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá sáìn pé ó ti fi catheter, rọ́bà tó ń fa ìtọ̀ jáde, sí aláìsàn, aláìsàn tó bá kọ́kọ́ bọ́ sí i lọ́wọ́ ló máa fi kọ́ṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó máa dúró tì í torí ìwé ti ní ó mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó kù, kẹ́ ẹ wáyè fún un tẹ́ ẹ bá wọlé.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ aṣọ ààbò nìkan, níbi bíbọ́ ẹ̀ gan-an làrùn ti ń ranni. Ìbọ̀wọ́ lẹ máa kọ́kọ́ bọ́, ìbomú ló máa gbẹ̀yìn, okùn ẹ̀ ni kẹ́ ẹ dì mú, ẹ má fọwọ́ kan iwájú ẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi omi àti ọṣẹ fọwọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 40 sí 60. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ wọ wọ́ọ̀dù láìfún yín ní nǹkan kan, ẹ sọ̀rọ̀, kì í ṣe àfojúdi. Ní 2014 tí Ẹ̀bólà wọ Èkó, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wà nínú àwọn tó kú, Dókítà Ameyo Adadevoh wà lára wọn.

Àwọn tíṣà náà ńkọ́? Wọ́n ń fowó ara wọn ra dátà, ọmọ tiwọn wà nílé, akẹ́kọ̀ọ́ ń bi wọ́n ní ìbéèrè di òru, ọ̀gá sì rò pé wọ́n ń sinmi. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí wọn, ẹ fún wọn lówó dátà, kẹ́ ẹ sì dá àkókò tí wọ́n máa dáhùn.

Òmíì tún ni pé akẹ́kọ̀ọ́ á ní ibà àti ikọ́, á gbé e mọ́ra lọ sí wọ́ọ̀dù kí wákàtí ẹ̀ má baà dín. Ilé ìwé ló ń fà á. Kí wọ́n tó rán ẹnikẹ́ni lọ posting, kí wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni tó bá ṣàìsàn ṣe máa san wákàtí ẹ̀ padà láìsí ìjìyà.