Bí Mo Ṣe Fi Adágún Omi Kan To Ìtàn Àwọn Ọba Íńdíà Àtijọ́

Iṣẹ́ olùkọ́ ìtàn ni mò ń ṣe, mo sì fẹ́ ya àtẹ àwọn ọba Íńdíà àtijọ́ sórí káàdìbọ́ọ̀dù fáwọn ọmọ kíláàsì mi. Àwọn ìwé kan to orúkọ àti ọdún lé ara wọn lórí lásán. Ohun kan ṣoṣo tí ọba púpọ̀ jọ fọwọ́ kàn ni mo wá, mo sì rí i: adágún omi Sudarshana, nítòsí Junagadh ní ìpínlẹ̀ Gujarat. Àpáta ńlá kan wà lọ́nà òkè Girnar níbẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ ọ̀rọ̀ ọba mẹ́ta sí lára: Ashoka, Rudradaman àti Skandagupta.

Ti Rudradaman ni mo kọ́kọ́ kà, torí ó dárúkọ àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Ó ní Pushyagupta, ajẹ́lẹ̀ Chandragupta Maurya, ló sé omi náà, àti pé Tushaspha la ojú ìṣàn sí i nígbà Ashoka. Ìjì wá jà lásìkò Rudradaman fúnra rẹ̀, àgbàrá ya dáàmù: ojú ibi tó ya gùn ní ìgbọ̀nwọ́ 420, ó fẹ̀ ní 420, ó jìn ní 75. Àwọn ìgbìmọ̀ ọba ní kò ṣeé tún ṣe mọ́, àwọn ará ìlú sì ń ké háà! Suvishakha, ajẹ́lẹ̀ ọba, ló tún un mọ. Rudradaman ní àpò ara òun lòun ti ná an: òun ò fi owó orí ni aráàlú lára, òun ò sì fipá kó wọn ṣiṣẹ́. Òótọ́ ni pé ara rẹ̀ ló ń yìn. Ṣùgbọ́n kí ọba jagun kó ṣẹ́gun, kó tún ka èyí mọ́ ohun ìyangàn, ó wú mi lórí gan-an.

Ọdún ló kàn. Ọdún 72 ni Rudradaman kọ, àwọn onímọ̀ sì gbà pé ti kàlẹ́ńdà Saka ni, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 78 lẹ́yìn ìbí Jésù. Mo fi 78 kún un, ó di 150. Dáàmù náà tún ya lọ́dún 136 kàlẹ́ńdà àwọn ọba Gupta, ìdílé Skandagupta, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 319; mo fi 319 kún un, ó di 455, láyé Skandagupta. Chakrapalita, ọmọ ajẹ́lẹ̀ Parnadatta, ló tún un ṣe.

Ti Ashoka gba làákàyè, torí ìgbà tó gorí oyè ló fi ń ka ọdún. Ṣùgbọ́n ìkéde rẹ̀ kẹtàlá, nínú àwọn ìkéde tó gbẹ́ sára àpáta, dárúkọ ọba Gíríìkì márùn-ún, Ptolemy ti Íjíbítì àti Magas ti Kirene ní Àríwá Áfíríkà wà lára wọn. Ọdún tiwọn làwọn onímọ̀ fi mọ̀ pé ó gorí oyè ní nǹkan bí 268 ṣáájú ìbí Jésù. Inú ìkéde yìí kan náà ló ti sọ pé ogun tí òun bá ilẹ̀ Kalinga ní ìlà oòrùn Íńdíà jà pa 100,000 ènìyàn, wọ́n kó 150,000 lẹ́rú lọ, ó sì dun òun dọ́kàn.

Mo ya omi náà sáàárín káàdìbọ́ọ̀dù, mo to àwọn ọba yí i ká, Chandragupta lókè, Skandagupta nísàlẹ̀: ó lé ní 700 ọdún láàárín wọn. Ẹni tó bá fẹ́ fi Harsha, ọba Íńdíà kan tó jẹ lẹ́yìn wọn, kún un, kó fa ìlà ọ̀tọ̀ fún un, torí kò sí lára àpáta yìí.