Bí A Ṣe Ń Lẹ Ọ̀rọ̀ Sínú Word Láì Gbé Aṣọ Rẹ̀ Wá

Ẹni tó bá ti bá wọn to ìwé ètò ìsìnkú rí mọ ìyọnu yìí. Àkọ́bí fi ọ̀rọ̀ ìdágbére tirẹ̀ ránṣẹ́ nínú ímeèlì láti Lọ́ńdọ̀nù, àbúrò rẹ̀ kọ tirẹ̀ sórí WhatsApp, àwọn ọmọọmọ kó tiwọn sínú Google Docs, atẹ̀wé sì ní òun ò ní dúró dọ̀la. Ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ sínú Word, ojú ewé bá di aṣọ alákìísà: lẹ́tà ìpínrọ̀ kan tóbi gbàǹgbà, ti èkejì kéré bí èèrà, ẹ̀kẹta jókòó lórí àwọ̀ eérú.

Ohun tó fà á ni pé bí ẹ bá ṣe ẹ̀dà ọ̀rọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ nìkan ni kọ̀ǹpútà ń gbé. Ó ń gbé fọ́ǹtì rẹ̀, bó ṣe tóbi tó, àwọ̀ rẹ̀ àti àlàfo àárín ìlà pẹ̀lú. Aṣọ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká bọ́ ọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kí gbogbo wọn lè wọ aṣọ ẹbí kan náà.

Ẹ fa máòsì lórí ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ mú, ẹ tẹ Ctrl àti C. Ẹ wá lọ sínú ìwé yín, kí ẹ tẹ ibi tí ẹ fẹ́ kó bọ́ sí. Ẹ wo ibẹ̀ dáadáa kí ẹ tó ṣe nǹkan kan, torí aṣọ ibi tí ìlà kékeré tó ń ṣẹ́jú yẹn bá wà ni ọ̀rọ̀ náà máa wọ̀. Bó bá wà nínú àkọlé, lẹ́tà àkọlé ni ẹ máa rí. Ẹ wá tẹ Ctrl, Shift àti V pọ̀.

Ó tán. Bẹ́ẹ̀ ló rí nínú Word tòde òní àti nínú Google Docs. Lórí Mac, Cmd ni ẹ máa fi rọ́pò Ctrl. Word àtijọ́ ò mọ èyí. Tirẹ̀ ni pé kí ẹ tẹ Ctrl àti V bí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, kí ẹ tẹ Ctrl nìkan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wá tẹ T. Ẹni tó ń lo LibreOffice, ètò ìkọ̀wé ọ̀fẹ́ tó jọ Word, ní láti fi ìka mẹ́rin ṣe é: Ctrl, Alt, Shift àti V.

Bí ẹ bá fẹ́ kí Word máa ṣe é fúnra rẹ̀, ẹ lọ sí File, Options, Advanced. Lábẹ́ Cut, copy, and paste, ẹ wá Pasting from other programs, kí ẹ sì yan Keep Text Only.

Àwa tó ń kọ Yorùbá ní ewu tiwa. Bí ẹ bá gba ọ̀nà Paste Special, ìyẹn àpótí tí Word ti ń jẹ́ kí ẹ yan bí ọ̀rọ̀ ṣe máa wọlé, Unformatted Unicode Text ni kí ẹ yàn. Èyí tó ń jẹ́ Unformatted Text lásán lè sọ lẹ́tà ẹ, ọ àti ṣ yín di àmì ìbéèrè. Notepad, ètò ìkọ̀wé kékeré inú Windows, náà máa ń bọ́ aṣọ ọ̀rọ̀ dáadáa, àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ tọ́jú fáìlì síbẹ̀, ẹ wo Encoding, ìyẹn ọ̀nà tó ń gbà tọ́jú lẹ́tà, kí ẹ rí i pé UTF-8 ni, kì í ṣe ANSI. Àwọn ìwé àtijọ́ kan tún wà tí wọ́n fi fọ́ǹtì àdáṣe tẹ̀: fọ́ǹtì yẹn ló ń fi àmì mìíràn ṣe lẹ́tà bí ẹ. Bí ẹ bá bọ́ aṣọ irú wọn, ìhòòhò ló kù. Ẹ tún un tẹ̀ ni.

Ẹ má gbàgbé pé lẹ́tà tó nípọn, lẹ́tà tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, àwòrán àti àtẹ máa bá aṣọ lọ. Ẹ ṣí ojúlówó rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ lè dá orúkọ tí wọ́n fẹ́ kó hàn padà. Àmì ìràwọ̀ (*) tí WhatsApp fi ń mú lẹ́tà nípọn ò ní lọ ní tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ àti aago tó máa ń bá a wá bí ẹ bá mú iṣẹ́ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n, wọn kì í ṣe aṣọ. Ọwọ́ lẹ máa fi pa wọ́n rẹ́.

Bí ẹ bá ti lẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó ka èyí ńkọ́? Ẹ sàmì sí apá tó bàjẹ́ nínú Word orí Windows, ẹ tẹ Ctrl pẹ̀lú ọ̀pá gígùn ìsàlẹ̀ kíbọ́ọ̀dù, lẹ́yìn náà Ctrl àti Q. Nínú Google Docs, Ctrl àti \ ni. Nínú LibreOffice, Ctrl àti M ni. Ẹ má tẹ Q níbẹ̀ o, ṣe ló máa fẹ́ ti ètò náà pa.